Ìjókòó Apá Ọ̀tún

Ọkọ̀ náà kò ní ju ilẹ̀kùn méjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti ìjókòó iwájú síwájú ná, kó wá tẹ̀ ba wọlé bí ẹni ń wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ń jókòó lẹ́yìn. Èmi àti ọkọ mi nìkan ló ń gùn ún, iwájú la sì máa ń wà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina ló gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Nígbà tí òyìnbó náà fẹ́ máa lọ sílé, ó tà á fún ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti òfuurufú, òrùlé rẹ̀ funfun, bọ́ńpà iwájú rẹ̀ sì ń dán débi pé àwọn obìnrin àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó a máa fi tún gèlè wọn ṣe tí wọ́n bá ń kọjá.

Ohun kan ló ṣàjèjì lára rẹ̀. Nígbà yẹn, apá òsì títì la ń wa mọ́tò gbà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa, ọwọ́ ọ̀tún sì ni sítíárìn ọkọ̀ gbogbo ènìyàn wà, kí awakọ̀ lè máa rí àárín ọ̀nà. Ọwọ́ òsì ni ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà yìí wà. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni ọkọ mi máa ń jókòó sí. Bí lọ́rì bá wà níwájú wa, ìdí lọ́rì náà nìkan ló ń rí, kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lódìkejì. Èmi tí mo jókòó lápá ọ̀tún ni mo ń rí i. Bó bá fẹ́ kọjá, á bi mí pé, “Ọ̀nà ńkọ́?” Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, màá ní, “Ẹ dúró.” Bí kò bá sí, màá ní, “Ó ṣí.” Ìgbà yẹn ni yóò tó yà kúrò lẹ́yìn lọ́rì.

Iṣẹ́ mi nìyẹn fún ọdún mẹ́jọ. N kò mọ ọkọ̀ wà, n kò sì fi ọwọ́ kan sítíárìn rí, ṣùgbọ́n kò sí irú ọ̀nà tí a kò jọ gbà. Ọjọ́ tí a bá jà, n kì í dá a lóhùn. Á wá máa tẹ̀ lé lọ́rì bí ẹni ń sin òkú, láti Ìkejà títí dé Ìdúmọ̀tà, àwọn ọkọ̀ ẹ̀yìn wa á sì máa fun fèrè, wọ́n á máa bú wa.

“Ìyá rere,” á ní, “ẹ bínú sí mi tó bá yá. Ẹ ṣáà sọ fún mi bóyá ọ̀nà ṣí. Ebi ń pa mí.”

Ẹ̀rín á sì pa mí. Ìgbà tí mo bá ti rẹ́rìn-ín, ìjà ti parí nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí kò dúró, a kò sì rí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò mú ìyàwó kejì wá sílé bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ọ́ fún un títí.

Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. N kò ní fi kún un.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ó ku oṣù mélòó kan kí ìjọba tó yí ọ̀nà padà. À ń bọ̀ láti ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Ṣàgámù, a ti ń sún mọ́ Ìkòròdú. Lọ́rì kan wà níwájú wa tó kó pákó. Àwọn pákó náà gùn kọjá ìdí rẹ̀. Wọ́n ti kó ọsàn fún wa níbi ìkómọ, mo sì ń bó ọ̀kan fún ọkọ mi. Ó ní, “Ọ̀nà ńkọ́?” Mo gbójú sókè. Mo rí ọkọ̀ kékeré kan lọ́ọ̀ọ́kán nínú ọyẹ́. Lójú mi, ńṣe ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo ní, “Ó ṣí.” Kò tíì yà. Bóyá ohùn mi kò dá a lójú, n kò mọ̀. Ó tún bi mí pé, “Ṣé ó ṣí?” Ní ìgbà kejì yìí, n kò wò. Èèpo ọsàn náà ti fẹ́ já, mi ò sì fẹ́ kó já. Mo ní, “Mo ní ó ṣí.”

Ọkọ̀ náà kò dúró. Ó ń bọ̀ ni. Ọkọ mi rí i, ó fa sítíárìn padà sí òsì, ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sì wọ abẹ́ àwọn pákó náà. Ẹni tó ń bọ̀ kọjá lọ láì dúró. Egungun èjìká mi ló kán. Ọkọ mi kò rí ọ̀sán ọjọ́ náà.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, awakọ̀ lọ́rì ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìwàǹwára ni. Kò lè ní sùúrù.” Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé ọsibítù, ohun tí wọ́n sọ fún un nìyẹn, òun ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé fún ìyá wọn. Wọ́n bi èmi náà. Mo sunkún. Ẹni tó bá ń sunkún, àwọn ènìyàn kì í bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá nínú yàrá ní ilé ẹbí wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa Mùsùlùmí ti ń ṣe é. Inú yàrá yẹn ni mo wà nígbà tí ìjọba yí ọ̀nà padà tí wọ́n ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ lójú fèrèsé. Àwọn ọmọ ilé ń kọrin tí wọ́n kọ́ wọn níléèwé pé ọ̀tún ni o, ọ̀tún ni o. Ọjọ́ tí mo jáde, mo fẹ́ sọdá títì, mo wo apá tí mo ti ń wò láti kékeré, mo sì gbé ẹsẹ̀. Ọkọ̀ kan já lé mi láti ẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kó gbá mi. Awakọ̀ náà yọ orí síta. “Ìyá, ibo lẹ wà láti ọjọ́ yìí? Òkè òkun?”

Ìlú ti yí padà láìsí mi ńbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni n kò ti jókòó síwájú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń wọn aṣọ fún àwọn oníbàárà ní Marina. Bí òjò bá lé mi wọ bọ́ọ̀sì ní CMS, ẹ̀yìn pátápátá ni màá lọ, màá sì dijú. Ẹni tó bá wò mí á rò pé mo ń sùn.

Nínú ilé ẹbí náà, níbi tí mo ṣì ń gbé, ìyá ọkọ mi nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ó sì fẹ́ràn kí n máa ka ìwé ìròyìn fún òun ní ìrọ̀lẹ́, nítorí mo kàwé dé ìwé mẹ́fà. Orí ẹní kan náà la máa ń jókòó sí. Ìyàwó ló ń pè mí, bí gbogbo ilé ti ń pè mí, ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀ ó máa ń dùn. Bí a bá ka ìròyìn jàǹbá ọkọ̀ kan, á mi orí. “Bí ti ọmọ mi. Ìwàǹwára. Mo kọ́ ọ ní sùúrù láti kékeré, kò gbọ́.” Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ gbogbo, tó bá ń ṣe sàráà fún un, á bẹ Ọlọ́run kó dárí ìwàǹwára rẹ̀ jì í. Èmi ni mo máa ń bu ẹ̀wà sàráà náà fún àwọn tó wá gbàdúrà. Màá sì ṣe àmín.

N kò ní ibòmíràn tí mo lè lọ. Àwọn òbí mi ti kú. N kò sì ní ọmọ nínú ilé náà tí wọ́n á fi sọ pé ìyá ọmọ ni mí. Inú rere ìyá yìí ni mo fi ń gbé ibẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́, màá gba ọkọ mi lọ́wọ́ orúkọ burúkú, èmi á sì pàdánù ilé. Mo ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún, mo sì dákẹ́.

Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri agbo ilé, iwájú òsì rẹ̀ fọ́ bí agolo tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, òun ni olórí ilé, ló sọ lọ́jọ́ kan pé kò yẹ kó jẹrà. Ó mú panẹbítà kan wá láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọkùnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó máa ń bá irin sọ̀rọ̀ bó bá ń lù ú. Iṣẹ́ náà pẹ́. Ó gbé irin náà lé orí àpò iyanrìn, ó ń fi òòlù onígi nà án díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wọ́ ẹsẹ̀ ọmọ. Irú iná iwájú rẹ̀ tó fọ́ kò sí fún títà ní gbogbo Èkó. Ara òkú ọkọ̀ irú rẹ̀ kan ló ti tú u. Ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ó fín òmíràn, ó sì kó bọ́ńpà lọ fún àwọn tó ń ri irin bọ omi kẹ́míkà kó lè dán. Ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ìyàwó, ẹ wá wo nǹkan,” ó ní. “Sítíárìn yìí ò sún ní ipò rẹ̀ rárá. Gbogbo Nàìjíríà ló yí padà tọ̀ ọ́ wá.”

Gbogbo àwọn tó wà ńbẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ. Ní báyìí tí ọ̀tún la ń gbà, ibi tó tọ́ ni awakọ̀ rẹ̀ wà. Kò tún nílò ẹni tó máa bá a wò.

Ìgbà yẹn ni ìjọba gbé òfin mìíràn dé, pé kí àwọn ọkọ̀ Èkó máa pín ọjọ́ jáde nítorí títì ti kún jù: ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò ṣe é pín sí méjì lónìí, èyí tó ṣe é pín lọ́la. Àwọn tó lówó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ máa gba ọjọ́ yòókù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kọ ọ́ sára páálí pé ọkọ̀ yìí wà fún títà, ó fi sínú gíláàsì iwájú. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìyàwó, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, gọ́tà ló kó sí. Àìsàn ló pa ọkọ rẹ. Kò sẹ́ni tó máa ra ọkọ̀ tí ènìyàn kú sínú rẹ̀. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́, sà.”

Ẹni tó wá rà á jẹ́ ará Ìjẹ̀bú kan tó ń ta aṣọ ní Balógun, ó sanra, ó sì máa ń ṣe àwàdà. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó kan táyà, ó fun fèrè. “Ìjọba ti sọ gbogbo wa di olórogún,” ó ní. “Ọkọ̀ mi nílé ni ìyálé, Mọ́ńdè ni tirẹ̀. Ìyàwó kékeré yìí á gba Túsìdeè. Kí wọ́n má ṣáà jà lójú títì.” Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ pé olóògbé ló ni ín, àwàdà tán lójú rẹ̀.

“Ìyàwó olóògbé ńkọ́? Ṣé ó wà láyé?”

“Òun nìyí.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èmi kì í ra ohun olóògbé bí opó rẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ohun tí opó bá ń sunkún lé lórí kì í ṣe ẹni tó rà á láǹfààní. Màdámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ká yí Marina ká. Bí omijé kò bá sí lójú yín tí a bá padà, mo ti rà á.”

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí. Kí n tó mọ ohun tí màá wí, ọkùnrin náà ti ṣí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún.

Panẹbítà kò fọwọ́ kan ìjókòó náà. Awọ rẹ̀ ṣì dẹ̀ níbi tí mo máa ń jókòó sí. Mo wọlé. Mo di etí aṣọ mi mú, n kò sì rántí bí a ṣe jáde kúrò nínú àwọn ọ̀nà tóóró tó wà ní àdúgbò wa. A gba Marina, a kọjá CMS níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, àwọn kan ń nawọ́ sí ọkọ̀ wa. Ọkùnrin náà ń kọrin lábẹ́ ètè. A dé Ọlọ́wọ́gbówó, a sì gun afárá Èkó. Lọ́rì kan wà níwájú wa níbẹ̀, ó kó àpò sìmẹ́ńtì, ó ń rọra lọ.

Mo mọ̀ lára mi pé ó fẹ́ yà. Ara mi tẹ̀ sí ọ̀tún fúnra rẹ̀, kí n lè wo iwájú. Irin ẹ̀gbẹ́ afárá ni mo rí, àti omi ọ̀sà nísàlẹ̀. N kò rí ọ̀nà rárá. Mo fi ọwọ́ gbá iwájú ọkọ̀.

“Ẹ dúró! Ẹ dúró, ẹ jọ̀ọ́!”

“Màdámù, mo ń rí i,” ó ní. “Kò sí nǹkan kan. Ẹ fọkàn balẹ̀.” Ó yà, ó kọjá lọ́rì náà, ó sì padà sí ipò rẹ̀ láìbi mí ní ohunkóhun. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mí sínú lọ.

Nígbà tí a sọ̀ ní Ìjọra, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó pa ẹ́ńjìnnì.

“Màdámù, ọkọ̀ yìí, nígbà tí òsì la ń gbà, báwo ni ọkọ yín ṣe máa ń kọjá lọ́rì?”

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ọlọ́pàá kò bi mí, àwọn ẹbí kò bi mí. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń bẹ̀rù ẹni tó máa bi mí, oníṣòwò aṣọ tí n kò mọ̀ rí ló sì bi mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ọsàn náà.

Ó gbé ọwọ́ lé sítíárìn, kò bojú wò mí. “Ẹ̀gbọ́n yín ní àìsàn ló pa á.”

“Wọ́n ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni.”

“Èmi á ra ọkọ̀ yìí,” ó ní. “Ọkọ̀ tí mo mọ ohun tó ṣe kò bà mí lẹ́rù, pásítọ̀ mi á gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n èmi ò ní jókòó ní iwájú ẹ̀gbọ́n yín kí n máa díbọ́n pé n kò mọ̀. Màá sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ pé ènìyàn kú nínú rẹ̀. Ìyókù, ẹnu yín ló wà.”

Bó ṣe wí ló ṣe. Ìgbà tí a padà, oòrùn ṣì mú, ìyá ọkọ mi sì wà lórí ẹní rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kí wọn, ó ní òun ti gbọ́ irú ikú tí olóògbé kú, òun kò bínú, òun á gbé owó wá lọ́la. Ó jáde lọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yíjú sí mi.

“Ìyàwó! Ta ló ní kó o lanu? Kí ni mo sọ fún ọ?”

“Fi í sílẹ̀,” ìyá wọn ní láti orí ẹní. “Ṣebí ó máa ra ọkọ̀ náà? Kí lẹ ń fi pamọ́ gan-an? Ìwàǹwára ọmọ mi ló pa á. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó ló mọ̀.”

Mo lè dákẹ́ nígbà yẹn. Ìjà náà ti fẹ́ parí, ìyá ló sì gbèjà mi. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, n kò sì lè gbé e mì mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà.

“Ìyá, kò wàǹwára.”

“Kí lo wí?”

“Kò lè rí ọ̀nà láti ibi tó jókòó sí, Ìyá. Èmi ni mo máa ń wò fún un. Ó bi mí bóyá ọ̀nà ṣí, mo ní ó ṣí. Kò lọ. Ó tún bi mí.”

“Ó bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì?”

“Ẹ̀ẹ̀mejì, Ìyá.”

“O wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì?”

“N kò wò. Mo ń bó ọsàn.”

Ìyá náà ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí tó fi yí i po, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó ṣe, ó ní, “Ọdún márùn-ún ni mo fi ń bú ọmọ mi níwájú Ọlọ́run.” Èmi kọ́ ló ń bá sọ ọ́. Ó nawọ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó wà nídìí ààrò, pé kó wá gbé òun dìde. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo sún mọ́ ọn jù.

Wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà lọ lọ́jọ́ kejì. N kò jáde wò ó.

Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó bá ka èyí pé kò sẹ́ni tó bú mi, kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí mi. Ìyá ọkọ mi máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá mú ìwé ìròyìn wá, á ní ojú ń dun òun, òun fẹ́ sùn. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, á ní òun ti jẹ. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn àlejò pé ọmọ òun ní sùúrù, pé ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ, ohùn rẹ̀ sì le bí ti ẹni tó jàre ẹjọ́. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Inú yàrá mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì.

Mo fara dà á fún oṣù mẹ́rin. Mo wá gba yàrá kan ní Ọlọ́wọ́gbówó, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ mí. Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà, mo sọ fún un pé mo ń lọ. Mo dúró, bóyá á pè mí ní ìyàwó, bóyá á ní kí n jókòó, bóyá á bi mí pé kí ló dé.

“Ó dàbọ̀ o, màdámù,” ó ní. “Ẹ kí wọn nílé.”